Ohun Tí Mo Rí Nídìí Bíbá Oníwàásù Kọ Ìwé

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò ní orúkọ kan pàtó. Bí pásítọ̀ kan bá ti wàásù títí, tí àwọn ọmọ ìjọ wá ń sọ pé, "Dádì, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí di ìwé," irú èmi ni wọ́n máa ń wá kàn. Wọ́n á fi ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Màá gbọ́ ọ, màá tẹ̀ ẹ́ bó ṣe jáde lẹ́nu, màá tún un tò, màá gé e, màá máa da ìbéèrè bo ẹni tó sọ ọ́, títí yóò fi di ohun tí èèyàn lè jókòó tì kà. Bí ìwé bá jáde, orúkọ pásítọ̀ ló máa wà níwájú. Tèmi lè wà lójú ewé ìdúpẹ́, láàárín ìyàwó òǹkọ̀wé àti ẹni tó ya àwòrán èèpo ìwé. Ó sì lè má sí níbẹ̀ rárá.

Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí ẹ̀, ó sì ti yí ojú tí mo fi ń kàwé padà. Mi ò lè mú ìwé amúnilọ́kànle kankan dání mọ́ kí n má wá ọwọ́ kejì nínú rẹ̀.

Ẹ wo ìwé ìfọkànsìn tó ń jẹ́ My Utmost for His Highest. Orúkọ Oswald Chambers ló wà lára ẹ̀, àìmọye èèyàn ló sì ń fi bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ wọn títí dòní. Ṣùgbọ́n Chambers kò fojú kan ìwé náà. Íjíbítì ló kú sí ní oṣù kọkànlá ọdún 1917, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ìránṣẹ́ láàárín àwọn ọmọ ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, lẹ́ni ọdún 43. Ọdún 1927 ni ìwé jáde. Gertrude ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Biddy, ló ṣe é. Obìnrin yìí ti kọ́ ṣọ́táǹdì, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀wé kíákíá, láti ìgbà ọ̀dọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì yá gan-an. Bí ọkọ rẹ̀ bá ń kọ́ àwọn èèyàn, á jókòó, á máa kọ ọ́ bó ṣe ń jáde. Nígbà tó di opó tòun tọmọbìnrin kékeré kan, ó ń gba àwọn ayálégbé sílé kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ, ó sì ń ṣí àwọn ìwé àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn, ó ń mú ìpínrọ̀ kan níbí, ó ń mú gbólóhùn kan lọ́hùn-ún, ó ń tò wọ́n sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọdún. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú, lẹ́tà méjì péré ló fi buwọ́ lù ú: B.C.

Tí mo bá ka ojú ewé kan nínú ẹ̀ láàárọ̀, tí gbólóhùn kan bá gún mi lọ́kàn, mo máa ń bi ara mi pé ta ló ni ín gan-an. Ọkọ ló sọ ọ́, ìyẹn dájú. Àmọ́ inú ẹ̀kọ́ tó gùn gbọọrọ ló sọ ọ́ sí, láàárín ọ̀pọ̀ gbólóhùn míì tó ti wábi gbà. Ìyàwó ló mọ̀ pé èyí ló tó dá dúró fún odindi ọjọ́ kan. Lójú tèmi, ìwé kíkọ ni ìyẹn náà.

Kì í ṣe òun nìkan. Arákùnrin Lawrence tó ń dáná fáwọn mọ́ńkì ní Paris ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún kò jókòó kọ ìwé kankan. Lẹ́yìn tó kú ní 1691 ni àlùfáà kan tó ń jẹ́ Joseph de Beaufort kó àwọn lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì jọ sọ pọ̀, èyí tá a wá mọ̀ sí The Practice of the Presence of God. Watchman Nee ti Ṣáínà ńkọ́? Nígbà tó rìnrìn àjò lọ sí Yúróòpù ní 1938 àti 1939 ló sọ púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tó di The Normal Christian Life. Angus Kinnear ló tò ó, ó jáde ní 1957. Ní ọdún yẹn Nee ti wà látìmọ́lé láti 1952, ibẹ̀ náà ló sì kú sí ní 1972. Mo máa ń ro ti Kinnear. Tí ìlà kan bá ta kókó, kò sẹ́ni tó máa pè kó bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ní lọ́kàn níbí?" Èmi ní fóònù, mo sì ń lò ó débi pé àwọn pásítọ̀ kan kì í gbé e mọ́ tí wọ́n bá ti rí orúkọ mi.

Ìdí tí mo fi ń pè wọ́n ni pé ohun tó dùn létí lè má dùn lójú. Pásítọ̀ kan lè sọ pé "Ó máa dára" lẹ́ẹ̀mẹ́fà léraléra, kí ohùn rẹ̀ máa gòkè sí i, kí gbogbo ilé ìjọsìn dìde dúró. Ẹ gbé e sórí ìwé kẹ́ ẹ wò ó. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà ni. "Ẹ sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pé ọ̀la yín ń bọ̀ wá dáa." Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń dá kàwé lóru lórí bẹ́ẹ̀dì ọsíbítù? Gbogbo ìyẹn gbọ́dọ̀ kúrò, oníwàásù á sì rò pé ẹ ti yọ Ẹ̀mí Mímọ́ kúrò nínú ìwé òun. Mo ti gbọ́ ọ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: "Ìwé yìí ò gbóná mọ́."

Ohun tí mo wá mọ̀ ni pé ibi tó ń gbóná nínú ìwàásù kọ́ ni ibi tó máa gbé ìwé ró. Ibi tí oníwàásù ti yà kúrò lójú ọ̀nà ni. Pásítọ̀ kan ń kọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ nípa sùúrù. Kókó rẹ̀ tò, ẹsẹ Bíbélì rẹ̀ pé, kò sóhun tó ṣe é. Láàárín kan ó wúkọ́, ó mu omi, ó wá sọ pé, "Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí gan-an, ẹ bi ìyàwó mi o." Ìjọ rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ohùn obìnrin kan tó pariwo pé, "Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́!" Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì padà sórí kókó kẹta. Kò tó ìṣẹ́jú kan lápapọ̀. Mo dá ohùn yẹn padà, mo tún gbọ́ ọ, mo wá pè é: Dádì, kí ni ìyàwó yín ìbá sọ ká ní ẹ jẹ́ kó sọ ọ́? Ó kọ́kọ́ ní kí n yọ ibẹ̀ kúrò, àwàdà lásán ni. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, òun fúnra rẹ̀ ló pè mí, ó sì sọ̀rọ̀ fún ohun tó ju wákàtí kan lọ, nípa ọmọkùnrin rẹ̀ àgbà tí kì í bá a sọ̀rọ̀, nípa bóun ṣe máa ń pariwo mọ́ ọn lórí iṣẹ́ iléèwé, nípa bó ṣe jẹ́ pé àwọn ọmọ ìjọ ló ń rí sùúrù òun tí ilé kì í rí i. Ìyẹn di orí kejì ìwé náà. Àwọn tó kà á kì í sọ fún mi nípa kókó mẹ́ta tó wà nínú ìwàásù. Orí kejì ni wọ́n ń sọ.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ Bíbélì kò ní gbà wá lákòókò púpọ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń gba èmi lákòókò jù. Mo máa ń yẹ gbogbo ẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan, nítorí lórí pẹpẹ, orí ni oníwàásù fi ń sọ ọ́, orí a sì máa ṣì. "Owó ni gbòǹgbò ohun búburú gbogbo": rárá o, ìfẹ́ owó ni Pọ́ọ̀lù kọ sí Tímótì. "Ìmọ́tótó ló tẹ̀lé ìwà-bí-Ọlọ́run": ẹ wá a láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn, ẹ ò ní bá a pàdé. Àwọn wọ̀nyẹn rọrùn, ẹ yí wọn padà, ó parí. Èyí tó le ni ẹsẹ tí wọ́n kà dáadáa, àmọ́ tí wọ́n já a kúrò lára èyí tó ṣáájú rẹ̀. Mi ò tíì bá òǹkọ̀wé amúnilọ́kànle kan ṣiṣẹ́ tí kì í fẹ́ lo Jeremáyà 29:11, ẹsẹ tó sọ pé èrò àlàáfíà ni Ọlọ́run ń rò sí wa. Ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀ sọ pé lẹ́yìn 70 ọdún ni. Lẹ́tà ni Jeremáyà kọ sí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì, ó ní kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n fẹ́yàwó, torí pé wọ́n máa pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó ní ọdún méjì péré ni, tó ní ìdáǹdè ti kan ilẹ̀kùn, Hananáyà ni, Jeremáyà sì sọ fún un pé Ọlọ́run kò rán an níṣẹ́. Mo sọ èyí fún òǹkọ̀wé kan tó ti fi ẹsẹ náà ṣe àkọlé orí kan nípa "àṣeyọrí ọdún yìí". Ó dákẹ́. Ó ní òun ti wàásù rẹ̀ fún ogún ọdún láìka ẹsẹ kẹwàá sókè. Ó kọ orí náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó wá di ọ̀rọ̀ nípa ìlérí tí bàbá gbọ́ àmọ́ tó jẹ́ pé ọmọ-ọmọ ló rí i. Òun ni orí tó le jù nínú ìwé rẹ̀, òun náà ló sì dáa jù.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ẹ̀rí, torí ibẹ̀ gan-an ni wàhálà iṣẹ́ yìí wà.

Ìwé amúnilọ́kànle kò ṣe é kọ láìní ẹ̀rí. Ẹni tó ń kà á fẹ́ mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí wọ́n bá ti ń sọ lórí pẹpẹ fún ìgbà pípẹ́ a máa sanra. Mo bá òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan ṣiṣẹ́ tó ní ìtàn arábìnrin kan tó rí ìwòsàn. Mo ní ohùn rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́, nítorí náà mo lè fetí sí ìtàn kan náà bó ṣe ń dàgbà. Nínú èyí tó pẹ́ jù, ọdún méjì ni arábìnrin náà fi ṣàìsàn. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ó ti di ọdún márùn-ún, àwọn dókítà sì ti "fẹ́rẹ̀ẹ́" jáwọ́. Nínú èyí tó sún mọ́ wa jù, wọ́n ti jáwọ́ pátápátá, ẹbí sì ti ń ra aṣọ òkú. Mo kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìwé kan náà, mo fi ránṣẹ́ sí i, mi ò sọ ohunkóhun.

Kì í ṣe òpùrọ́, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbà mí gbọ́ lórí èyí. Bó ṣe máa ń rí lára ẹni tó dúró níwájú èèyàn tí ìpọ́njú ti lù bolẹ̀ ni. Ó fẹ́ kí oògùn tóun ń fún wọn tó àìsàn wọn, ó wá ń fi díẹ̀ kún un. Nígbà tó pè mí, ó ní, "Mi ò mọ̀ pé ó ti jìnnà tó báyìí." Mo bi í bóyá arábìnrin náà ṣì wà. Ó wà. Ṣé ó mọ̀ pé òun fẹ́ wọ inú ìwé? Kò mọ̀. Ó pè é, a sì jọ bá a sọ̀rọ̀. Ohun tí arábìnrin yìí fúnra rẹ̀ sọ ni pé àìsàn náà kò tíì lọ tán. Ó ṣì ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tó lọ ni ìbẹ̀rù. Ó ní òru kan wà tí òun sùn mọ́jú láìjí wo aago, àtìgbà yẹn lòun ti mọ̀ pé ohun kan ti yí padà.

Òjíṣẹ́ Ọlọ́run náà kò fẹ́ ẹ. Ó kéré jù lójú rẹ̀. Ó ní, "Ta ló máa torí pé ẹnì kan sùn mọ́jú gba Ọlọ́run gbọ́?" Mo ní ẹni tí kò rí oorun sùn ni. A fà á títí, níkẹyìn ó fi sí i bí arábìnrin náà ṣe sọ ọ́, oògùn àti gbogbo ẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé mò ń le koko jù, kó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìwé kan jáde ní 2010 nípa ọmọdékùnrin kan tí wọ́n ní ó lọ sí ọ̀run lẹ́yìn jàǹbá ọkọ̀, ó sì padà wá ròyìn. Ìwé náà tà gan-an. Ní oṣù kìíní 2015, ọmọ náà, tó ti di ọ̀dọ́, kọ lẹ́tà síta pé òun kò kú, òun kò sì lọ sí ọ̀run. Torí kí wọ́n lè fiyè sí òun lòun ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ dá títà rẹ̀ dúró. Ìyá ọmọ náà sì ti ń pariwo ṣáájú ìgbà yẹn pé ìtàn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ọmọ kékeré ni nígbà tó sọ ọ́, inú jàǹbá tó sọ ọ́ di aláìlèrìn ló sì wà. Àgbà ló tò ó, àgbà ló tẹ̀ ẹ́, àgbà ló tà á. Nítorí náà, mi ò ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rí ọmọdé mọ́, bó ti wù kó dùn tó. Bí wọ́n bá sì fún mi ní ẹ̀rí àgbà, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ ka ojú ewé náà kó tó lọ sọ́dọ̀ òǹtẹ̀wé.

Ọ̀rọ̀ míì tó sún mọ́ ti ẹ̀rí ni ti ìṣẹ́gun. Àwọn òǹtẹ̀wé kan ní òfin tí wọn kì í kọ sílẹ̀: orí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ parí pẹ̀lú ìṣẹ́gun. Ìbànújẹ́ lè wọlé lójú ewé kìíní, kó sáà ti jáde kó tó di ojú ewé kẹwàá. Mo ti rí ọkùnrin kan tó sin ọmọ rẹ̀, tí wọ́n ní kó fi ìpínrọ̀ ìdùnnú kan kún un, ó sì kọ ọ́, torí pé onírẹ̀lẹ̀ ni. Mo ka ìpínrọ̀ náà, ohùn ẹlòmíì ló wà níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, àwọn ìwé tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́ kò tẹ̀ lé òfin yẹn. C. S. Lewis kọ The Problem of Pain ní 1940, ìwé ọgbọ́n tó ṣàlàyé ìdí tí ìrora fi wà láyé. Ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù keje 1960, jẹjẹrẹ pa Joy ìyàwó rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó ń ṣe é. Ìwé kékeré tó tibẹ̀ jáde ní 1961, A Grief Observed, kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, N. W. Clerk ló pe ara rẹ̀. Nínú rẹ̀, ó ní nígbà tóun nílò Ọlọ́run jù, bí ẹni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn gbàgà mọ́ òun lójú ni, tí wọ́n sì há a látinú. Ọ̀gá nínú àlàyé ìgbàgbọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o. Mo mọ àwọn tó jẹ́ pé ìwé kékeré yẹn ló dì wọ́n mú, tí wọn kò lè ka ti 1940 rárá nígbà tí òkú ṣì wà nílé.

Corrie ten Boom náà ńkọ́? Ìdílé rẹ̀ ní Netherlands fi àwọn Júù pamọ́ fún àwọn Násì ti Jámánì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn Násì mú wọn ní oṣù kejì 1944, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Betsie sì kú ní àgọ́ ìfìyàjẹni Ravensbrück ní ìparí ọdún náà. Ní 1947, lẹ́yìn tó ti sọ̀rọ̀ nípa ìdáríjì nínú ìjọ kan ní Munich, ọ̀kan lára àwọn tó ṣọ́ wọn ní àgọ́ náà wá nawọ́ sí i. The Hiding Place, tóun àti John pẹ̀lú Elizabeth Sherrill jọ kọ ní 1971, sọ pé ọwọ́ Corrie kò gbéra. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wàásù ìdáríjì tán ni, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbéra. Ẹ fojú inú wo olóòtú kan tó máa sọ pé, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká fò ó, ká kàn sọ pé ẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́." Òótọ́ ni, ó padà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Àmọ́ bí ẹ bá yọ ìṣẹ́jú tí ọwọ́ kò gbéra yẹn kúrò, kí ló kù?

Ti owó, mi ò ní sọ púpọ̀. Àwọn kan gbà pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni, nítorí náà kí n má béèrè. Ẹni tó tẹ ìwé náà béèrè, ẹni tó ya èèyàn sí iwájú rẹ̀ béèrè, ẹni tó fi mọ́tò gbé e béèrè. Mo máa ń jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó tẹ lẹ́tà kan, iye tó jẹ́, ìgbà tí wọ́n máa san án àti ẹni tó ni ìwé. Charles Sheldon, pásítọ̀ ní Topeka ní Amẹ́ríkà, ka In His Steps fún ìjọ rẹ̀ ní orí kọ̀ọ̀kan nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday ní 1896. Nígbà tó máa di ìwé, àṣìṣe kan wà nínú ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé, ni àwọn òǹtẹ̀wé bá ń tẹ̀ ẹ́ lọ́tùn-ún lósì láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn pé ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Èmi kì í ṣe Sheldon.

Ní báyìí, àwọn kan ti ń fi ìwé tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kọ ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní kí n kàn bá wọn wò ó gààràgà. Mo máa ń mọ̀. Gbogbo orí ló gùn bákan náà, gbogbo ẹ̀rí ló jẹ́ ti "arábìnrin kan" tí kò sí nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó wúkọ́ níbì kankan nínú ẹ̀.

Ẹni tí mò ń bá ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kì í ṣe pásítọ̀. Màmá àgbà kan ni, opó, tó ti ń kọ àdúrà sínú ìwé líle láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ kó di ìwé kí àwọn ọmọ-ọmọ lè kà á. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi pẹ́ńsù sàmì sí àwọn ibi tí wọ́n fẹ́ kí n yọ: ibi tó ti bá Ọlọ́run bínú, ibi tó ti kọ ọ́ pé òun kò ní gbàdúrà lọ́la, àti ọjọ́ kan tí kò kọ ju "Ẹ ò gbọ́" lọ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká bi Màmá. A gbé e síwájú rẹ̀, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó ka gbogbo ibi tí wọ́n sàmì sí. Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tí mo kọ ọ́ sí ti kà á kí ẹ̀yin tó kà á." Àkọ́bí rẹ̀ kò tíì gbà. Ó ní kí n máa ṣe ìyókù lọ ná, kóun fi lọ bi pásítọ̀ wọn.